Uswat, Má Jẹ́ Kí Fóònù Mi Kú

Uswat ọmọ mi, àkọ́bí mi, ọmọ tó sọ̀rọ̀ ní Ìkẹjà tí wọ́n gbọ́ ọ ní abà, mo kí ọ kú iṣẹ́, kú ìrìn Òpẹ̀bí, kú àìfararọ. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọlọ́run Ọba ò ní jẹ́ kí ẹnu tó o fi ń jẹun ó kó bá ọ. Àwa náà ń bẹ, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, orúnkún mi nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu.

A gbọ́ ọ lórí rédíò lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá o! Háà! Èmi àti Lèmọ́mù Ádámù la jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tí wọ́n ní ẹ gbọ́ Uswat Làsísì, ẹni tó ń wo ibi tí ọjà fóònù àti kọ̀ǹpútà ń lọ. Mo dìde dúró. Ọmọ tí mo fi kóró iṣin kọ́ ní òǹkà ló ń sọ ohun tí gbogbo ayé máa rà! O ní aago ọwọ́ á máa gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù. Lèmọ́mù ní Ọlọ́run nìkan ló mọ ọ̀la. Mo ní ìwọ náà ò sọ pé o mọ̀ ọ́n, o ní ó ṣeé ṣe ni, ó sì gbà.

Àfi ibi tó o ti wá sọ pé fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ń kú lọ, pé tó bá fi máa di ọdún mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ á ti kú tán. Àyà mi já. Ṣebí irú tèmi nìyẹn? O mọ̀ pé inú rẹ̀ ni ohùn ìyá rẹ wà, èyí tó fi dán an wò lọ́jọ́ tí a rà á, tó ní kí Bàbá Uswat máa bọ̀, iyán ń tutù. Láti ìgbà tí a ti sin ín, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí mi ò kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí n tó bu òkèlè. Mo ti pa fóònù náà báyìí, mo fi ìborùn ìyá rẹ dì í, mo gbé e sínú àpótí, kí ikú tó ń bọ̀ má baà tètè rí i. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà mi ò fi lọ, tí mo fi kọ lẹ́tà rán Akínfẹ́nwá onímọ́tò. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mo ti ń jẹun láìgbọ́ ọ, iyán ọ̀hún ò dùn mọ́.

Akínfẹ́nwá ní abúlé kan wà ní Ìkẹjà níbẹ̀ yẹn tó ń jẹ́ Kọ̀ǹpútà, pé kò sí fóònù tó kú tí wọn ò lè jí. Abúlé tó ń jí òkú! Ẹnu yà mí. Jọ̀ọ́, ta ni Baálẹ̀ wọn? Àkùkọ kan wà lọ́wọ́ Akínfẹ́nwá, bá mi gbé e lọ kí i, kí o sọ pé fóònù Làsísì ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n dá a sí.

Bí ikú ọ̀hún kò bá sì ṣeé yẹ̀, o ṣáà tún sọ lórí rédíò pé ohun téèyàn bá kó sínú àwọsánmà kì í ṣègbé, pé ibẹ̀ ni aráyé ń kó ẹrù lọ. Subuhanallahi! Mo ń wò ó láti ọjọ́ náà, mi ò rí àkàsọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n ìwọ mọ ọ̀nà. Wá nígbà Iléyá, kí o gbé ohùn ìyá rẹ lọ síbẹ̀, ti apá abà wa ni kó o fi í sí o, má gbé e sí ti Èkó.

Fi owó díẹ̀ rán Akínfẹ́nwá, ti òògùn orúnkún àti ti epo àtùpà, torí tọ́ọ̀ṣì fóònù náà ni mo fi ń ríran tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ò ní di ẹ̀sín. Wàá bí ọmọ tó máa sọ̀rọ̀ tí ìwọ náà á dìde dúró.

Ọjọ́ tó o bá gbé e débẹ̀, tètè sọ fún mi. Bí òjò bá ṣú lọ́jọ́ náà, mi ò ní sá wọlé. Màá gbé iyán mi jókòó síta.

Èmi ni bàbá rẹ,
Làsísì