Nígbà Tí Bàbá Wà Nínú Kànga

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Mi ò mọ̀wé. Akọ̀wé, aládùúgbò mi tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tẹ lẹ́tà fún àwọn lọ́yà, ló ń bá mi kọ èyí. Mo ti kìlọ̀ fún un: ohun tí mo bá sọ ni kó kọ. Kó má tún un ṣe. Kó má dá mi lóhùn. Bírò kì í fèsì.

Ohun tó fà á nìyí. Lánàá, ọmọ mi obìnrin jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ dókítà." Ẹni ogójì ọdún. Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rín in. Ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tó ń lọ, tí mo rò pé kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ níbẹ̀ — ìdánwò àbáwọlé ló ń kà fún. Ó ti ṣe é. Ó ti yege. Ó ku ìntáfíù, Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀gá Okùn ni mo ń pè é. Kànga ni mo ń gbẹ́, iṣẹ́ bàbá mi, òun ló sì ń di okùn mú lókè tí mo bá sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ tí kò bá sí lẹ́nu kànga, ó wà ní ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò, ó ń bá àwọn nọ́ọ̀sì wọn ìwúwo ọmọ ìkókó. Kò sílé ọkọ mọ́. Kò bímọ. Èmi ló ní, òun ni mo ní — àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Mẹkáníìkì, tó ń tún ọkọ̀ gbogbo ayé ṣe, tí tiẹ̀ kì í ṣíná láàárọ̀.

Mo ní, "Ọdún mélòó?" Ó ní mẹ́fà. Mo ní, "Níbo?" Ó sọ ọ́. Ó jìnnà.

Mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀. Irọ́ ni. Mo lọ dúró lẹ́yìn ilé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ẹ̀rù ń bà mí. Kò tíì sẹ́ni tí mo sọ fún.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Kànga Tíṣà la wà lónìí, tíṣà tó fẹ̀yìn tì, tó ń kọ́lé tuntun sí ìsàlẹ̀ òkè. Amọ̀ pupa lókè, amọ̀ funfun lábẹ́, ó rọ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Tó o bá wà nísàlẹ̀, ọ̀run ò ju àwo oúnjẹ lọ. Mo fa okùn lẹ́ẹ̀kan: garawa ti kún. Mo fà á lẹ́ẹ̀mejì: gbé mi sókè. Èmi kì í wòkè. Kí ni mo fẹ́ wò? Mo mọ ẹni tó dì í mú.

Mẹkáníìkì yà kí wa. Mo ń gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀. "Ẹ̀yin Bàbá, ẹ rọra o, dókítà ló ń fa erùpẹ̀ yín!" Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀: "Kó o tó parí, eyín ẹ á ti ká tán. Aláìsàn ni á máa dìde fún dókítà jókòó."

Ọ̀gá Okùn ní, "Ìwọ ni màá kọ́kọ́ gún lábẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ màlúù."

Mo rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀ níbẹ̀, èmi nìkan. Àfi bí ọmọkùnrin yìí ṣe ní, "Ó dáa, ọjọ́ tí Bàbá bá wá k—" Kò parí ẹ̀. Mo gbọ́ ìró ẹrẹ̀. Odindi garawa ni àbúrò rẹ̀ dà lé e lórí. Nígbà tí mo jáde, ó dà bí ère tí wọn ò tíì mọ tán. Mo ní ó kéré sí ìyà rẹ̀.

Nínú iṣẹ́ wa, tí èèyàn bá wà nínú kànga, ẹni tó di okùn mú ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ikú. Ikú ta ni o, kó má sọ ọ́, ibi yòówù kó wà, títí ẹni ìsàlẹ̀ á fi jáde tí á fi fọ ẹsẹ̀. Bàbá mi kọ́ mi, mo kọ́ wọn. Ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀ lẹ́nu kànga ti ní kó wá yọjú wo ìsàlẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ta ni yóò máa di okùn mi mú? Ọwọ́ kan Mẹkáníìkì ò kúrò lára fóònù. Alágbàṣe? Mo gba ọ̀kan rí, ó fi okùn sílẹ̀ torí pé kòkòrò ta á.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe okùn ló ń dẹ́rù bà mí, Akọ̀wé. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn ni.

Ilé ìwòsàn ńlá ni Ẹlẹ́rìn-ín kú sí. Ìyàwó mi. Ọdún kẹrin rèé. Èmi ò sí níbẹ̀, inú kànga ni mo wà. Ìgbà tí mo dé, wọ́n ti da aṣọ bò ó. Ògiri funfun, òórùn oògùn ìfọlẹ̀, àwọn èèyàn lórí bẹ́ǹṣì bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé sí gáréèjì. Dókítà kan kọjá. Ojú rẹ̀ kọjá lára mi bí ìgbà tí èèyàn ń wo ògiri. Mi ò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo gbé òkú mi, mo lọ.

Ṣé irú ojú yẹn ni ọmọ mi fẹ́ lọ gbà? Tí kò bá sì gbà á ńkọ́, tí gbogbo ẹni tó bá kú ń wọ inú rẹ̀ lọ, tí kò rí ibi dà wọ́n sí? Ẹni ejò bá bù jẹ rí kì í dúró wo ekòló dáadáa.

Ó yẹ kí n sọ fún un pé kó má lọ. Ẹnu mi ò ṣí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Akọ̀wé ṣe bíi dókítà tó máa bi Ọ̀gá Okùn léèrè, kó fi dánra wò fún ìntáfíù. Ó wọ kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀. Ó ní, "Madamu, kí ló dé tí ẹ fi pẹ́ tó báyìí kí ẹ tó wá?" Ọ̀gá Okùn ní, "Ọ̀nà ló jìn, sà." A rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ ọ́n dáhùn. Ìyẹn tún bà mí lẹ́rù sí i.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ó lọ. Mo ti ṣèlérí pé mi ò ní sọ̀ kalẹ̀ lónìí, pé màá jókòó sílé kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Mo jókòó. Mo gbá iwájú ilé. Mo tún un gbá. Ìyẹ̀wù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó ti tẹ́ ibùsùn, ó mọ́ bíi yàrá ẹni tí kò ní padà wá. Mi ò lè gbà á. Mo pe Mẹkáníìkì, mo ní amọ̀ kànga Tíṣà ti ń jábọ́, ká lọ kó o kó tó bà jẹ́. Kò fẹ́. Mo ní ṣé èmi ni mo bí i àbí òun ló bí mi. A lọ.

Nísàlẹ̀ níbẹ̀, ara mi balẹ̀. Ó tutù. Èèyàn ò lè gbọ́ fóònù níbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni Ọ̀gá Okùn dé. Mo ní, "Báwo ni?" Ó ní, "Ó lọ bẹ́ẹ̀ náà." Ó wo èékánná mi. Amọ̀ funfun wà níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Kò jẹun. Kò bá mi jà. Ì bá tiẹ̀ bá mi jà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó sọ ọ́ nígbà tó ń fọ àwo, kò kọjú sí mi.

Kó tó wọlé síwájú wọn, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó bi í bí mo ṣe wà. Gọ̀ǹgọ̀ṣú yẹn ní, "Mo di okùn mú ni o, Bàbá wà nísàlẹ̀." Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti pè é wọlé.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó. Wọ́n bi í nípa iṣẹ́, ó dáhùn. Wọ́n bi í nípa ọjọ́ orí, ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ni obìnrin kan tó wọ awò ojú bá ní, "Sọ fún wa nípa ẹnì kan tó kú lójú ẹ, àti ohun tí o rí kọ́ níbẹ̀."

Ó ní òun wolẹ̀. Ó ní òun sọ fún wọn pé, "Ẹ má bínú, mi ò lè sọ ìyẹn láàárọ̀ yìí. Bàbá mi wà nínú kànga tó ń gbẹ́."

Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. Obìnrin yẹn tún un bi. Kò sọ̀rọ̀. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní ó ti tó, kó máa lọ.

Mo ní, "Ṣé o ò lè pa irọ́ kan fún wọn ni?"

Ó ní, "Kì í ṣe irọ́ ni wọ́n béèrè, Bàbá."

Mo ní, "Wọn ò sí lẹ́nu kànga! Ìwọ náà ò sí níbẹ̀!"

Ó ní, "Ẹ̀yin wà níbẹ̀."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Inú mi dùn pé wọn ò ní gbà á. Akọ̀wé gbé bírò sókè, ó wò mí. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

A parí kànga Tíṣà. Omi dé. Ọ̀gá Okùn ló fà mí sókè, ó sì fà mí dáadáa, kò sí ibi tí okùn ti yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wòkè lónìí. Èmi tí kì í wòkè. Mo rí ojú rẹ̀ nínú àwo ọ̀run yẹn. Ojú ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́. Mo ti rí ojú yẹn rí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ rántí ibi tí mo ti rí i.

Inú mi ò dùn mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Wọ́n pè é. Obìnrin tó wọ awò yẹn fúnra rẹ̀. Ó ní àwọn méjì tó kù ti fẹ́ yọ ọ́, òun ní kí wọ́n dúró. Kó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ìbéèrè kan náà ló ń dúró dè é, kò sí òmíràn.

Mo ní, "Mi ò ní sọ̀ kalẹ̀. Mo fi Ẹlẹ́rìn-ín búra."

Ó ní, "Bàbá, kì í ṣe ti ọjọ́ Ẹtì nìkan. Mi ò tíì sọ ọ́ rí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Láti ìgbà tí Màámi ti lọ, ìgbà wo lẹ kò sí nínú kànga?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn. Mo ronú. Ọjọ́ kẹta ìsìnkú ni mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Èyí tí mo bá parí lónìí, mo ń bẹ̀rẹ̀ òmíràn lọ́la. Tí kò bá síṣẹ́, màá ní mo fẹ́ lọ kó ẹrẹ̀ kànga àtijọ́ kan. Mo rò pé iṣẹ́ ni mo ń ṣe. Mo ti dí ọmọ lẹ́nu fún ọdún mẹ́rin, èmi ò sì mọ̀. Àbí mo mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ogún

Èyí máa gùn. Akọ̀wé, jókòó dáadáa.

Mo wẹ̀ láàárọ̀. Mo fọ ẹsẹ̀. Mo wọ aṣọ tó mọ́, mo jókòó sórí àga ní pálọ̀, mo pè é. Mo ní, "Mo wà lókè. Sọ ọ́ fún mi. Èmi ni kó o kọ́kọ́ sọ ọ́ fún."

Ẹ̀rù bà mí ju ọjọ́ tí kànga wó lé mi dé àyà lọ. Lọ́jọ́ yẹn, mo mọ ibi tí ẹrẹ̀ dé.

Ó wá jókòó síwájú mi. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Màámi jẹun díẹ̀, ó fi nọ́ọ̀sì kan ṣẹ̀fẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mímí rẹ̀ yí padà. Ó ní òun gbọ́ ọ, bí ìgbà tí wọ́n ń fa omi tó kù nísàlẹ̀ ìkòkò. Òun mọ̀ pé kò dáa, ṣùgbọ́n òun ò mọ ohun tó jẹ́, òun ò sì mọ ohun tí èèyàn ń ṣe sí i. Nọ́ọ̀sì sáré wá dókítà. Dókítà kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu iṣẹ́ ní gbogbo ilé ìwòsàn yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó wà níbi iṣẹ́ abẹ, kò lè fi ẹni tó ń ṣe sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, kì í ṣe pé wọn ò kà wá sí. Wọn ò pọ̀ tó ni." Òun di ọwọ́ Màámi mú. Ìyẹn nìkan lòun mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní òun pinnu níbẹ̀ pé ọwọ́ òun ò tún ní ṣófo bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo béèrè ohun tí mi ò tíì béèrè rí. Mo ní, "Ṣé ó béèrè mi?"

Ó wo ẹsẹ̀ mi tí mo ti fọ̀. Mo tún un bi í.

Ó ní, "Ó béèrè. Mo ní ẹ wà nínú kànga, pé màá sáré pe ẹ̀gbọ́n mi kó fà yín sókè, ẹ máa bá a. Ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, 'Má ṣe bẹ́ẹ̀. O fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ẹnu kànga? Jẹ́ kó jáde fúnra ẹ̀.'"

Ó wá sẹ́nu kànga lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí. Ó gba okùn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mò ń kọrin nísàlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo rántí. Ó ń fa garawa, kò sọ nǹkan kan, títí mo fi parí. Mo jáde, mo fọ ẹsẹ̀, mo ní kí ló dé tí ojú ẹ rí báyìí.

Ìyàwó mi ì bá rí mi kó tó lọ. Ó yàn pé kí n má jáde. Torí òfin bàbá mi. Mi ò bínú sí i. Ta ni màá bínú sí? Mo sunkún. Akọ̀wé náà ń sunkún. Bírò kì í sunkún, mo sọ fún un, ó ní kí n fi òun sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo jókòó síwájú ilé ní gbangba oòrùn. Mẹkáníìkì pe Ọ̀gá Okùn lójú mi kó tó wọlé: "Bàbá wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń bú mi, ara ẹ̀ le." Lẹ́yìn ìyẹn, kò sóhun tí a lè ṣe. Ọwọ́ mi ò rí nǹkan dì mú.

Ọ̀sán ti pọ́n kó tó pè padà. Wọ́n gbà á. Wọ́n sọ ọ́ fún un lójú ẹsẹ̀. Mẹkáníìkì ń pariwo lójú títì bí ẹni tí iná jó. Mo ní kó panu mọ́, mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ṣé wọ́n béèrè?"

"Wọ́n béèrè, Bàbá. Mo sọ gbogbo ẹ̀."

"Títí dé ohun tí ìyá ẹ sọ?"

"Títí débẹ̀. Ni obìnrin yẹn bá bi mí pé, tó bá jẹ́ aláìsàn mi ni, tó ń kú lọ, tó ní kí n má pe ọkọ òun, kí ni màá ṣe?"

Mo fi fóònù mọ́ etí dáadáa.

Ó ní, "Mo ní màá pè é. Màá fa okùn yẹn fúnra mi."

Mo ní kó tètè máa bọ̀, kí ilẹ̀ má ṣú bá a lọ́nà.