Aláìléwé, Igi Ẹ̀yìnkùlé Wa

Àbámẹ́ta, 2 Èrèlé 2019
Ọjọ́ kẹrin nínú ilé tuntun, Harburg, ní Jámánì. Àǹtí Ìbíwùmí, àbúrò màmá mi, àti ọkọ wọn ló gbà á. Wọ́n fún mi ní yàrá kékeré tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Igi kúkurú kan wà níbẹ̀, kò ga ju àyà mi lọ. Kò léwé kankan. Síbẹ̀ ó ń tanná — òdòdó pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀ka. Nínú òtútù yìí. Mo sọ ọ́ ní Aláìléwé.
Mo wò ó títí. Kò ṣe mí bíi nǹkan kan. Láti Ọ̀wàrà tí mo ti dé ni mo ti rí bẹ́ẹ̀, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú.

Àìkú, 3 Èrèlé
Nídìí oúnjẹ, Àǹtí ní ṣebí èmi ni mo wà ní yunifásítì: kí ni wọ́n ń pe igi yẹn, ṣé kò léwu fún Emilia? Ọmọ wọn ni Emilia, ọmọ ọdún mẹ́rin, gbogbo nǹkan ló ń fọwọ́ kàn. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ní Flieder ni, kò léwu. Orúkọ òdòdó kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ní Jámánì nìyẹn. Ara ike ọṣẹ ìfọṣọ ni mo ti kà á.
Àǹtí yíjú sí ọkọ wọn: "Ẹ ò rí i pé ó dáa kéèyàn kàwé."

Ọjọ́rú, 6 Èrèlé
Kíláàsì ìṣirò. Mi ò lóye ohunkóhun. Mi ò nawọ́ sókè.

Ọjọ́bọ̀, 7 Èrèlé
Ọ̀gá Billbrook — ọkọ Àǹtí ni mo ń pè bẹ́ẹ̀ nínú ìwé yìí, torí ibi iṣẹ́ wọn. Bí mo bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, Bọ̀dá Akínwọlé ni mo ń pè wọ́n. Pákò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn láti ilé ti tán. Láàárọ̀ yìí wọ́n ṣẹ́ ẹ̀ka Aláìléwé, wọ́n fi ṣe pákò. Wọ́n tu ú dànù kíá. "Tìmí, Flieder rẹ yìí ní ata nínú o." Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó jáde, ètè wọn ti wú. Mo ní bóyá òtútù ni.
Mo mọ̀ pé kì í ṣe òtútù.

Ẹtì, 8 Èrèlé
Ètè wọn ti bó. Àǹtí fi ẹ̀ka kan sínú kọ́ọ̀bù sí yàrá Emilia, torí òórùn rẹ̀. Mo rí i. Mo kọjá. Bí mo bá ní mi ò mọ̀, kí ni mo wá ń ṣe ní yunifásítì?

Àbámẹ́ta, 9 Èrèlé — Berlin
Mo wọkọ̀ lọ bá Dúnní ní Kreuzberg. A jọ ṣe sẹ́kọ́ńdírì ni. Ó ń ta òdòdó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní gbogbo Sátidé. Mo fi fọ́tò hàn án. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín — Flieder, nínú Èrèlé? Ó di oṣù karùn-ún kó tó tanná. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Seidelbast ni. Májèlé ni, èèpo, èso, gbogbo ẹ̀. Ó ní, "Ta ló wà nílé báyìí?"
Mo pe Àǹtí. Mo ní májèlé ni, mo ní mi ò mọ igi náà rí, pé irọ́ ni mo pa fún wọn lọ́jọ́ Àìkú. Mo gbọ́ tí wọ́n sáré. Emilia ti já òdòdó inú kọ́ọ̀bù, ó ti fi se ọbẹ̀ nínú ìkòkò ìṣeré rẹ̀. Àǹtí ń béèrè, "Ṣé o jẹ ẹ́? Emilia, ṣé o jẹ ẹ́?" Bọ́ọ̀sì kan kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù.
"Nur die Puppe."
Ọmọláńgidi nìkan ló jẹ ẹ́.
Àǹtí pa fóònù.

Àìkú, 10 Èrèlé
Mo ti padà. Dókítà ti yẹ Emilia wò, kò sí nǹkan. Ọ̀gá Billbrook wọ ìbọ̀wọ́ ibi iṣẹ́, wọ́n hú Aláìléwé. Ihò ló kù. Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Àǹtí bu oúnjẹ fún mi, wọn ò wojú mi.

Àbámẹ́ta, 16 Èrèlé
Òdòdó funfun kékeré kan ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, ó doríkodò. Emilia fà mí láṣọ, ó bi mí pé kí nìyẹn. Àǹtí dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ṣíbí lọ́wọ́.
Mo ní, "Mi ò mọ̀."
Etí mi gbóná. Ó pẹ́ tí nǹkan kan ti gbóná lára mi.
Àǹtí wò mí. Láti ọjọ́ Sátidé yẹn, wọn ò tíì bá mi sọ̀rọ̀.
"Ó dáa. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ má fọwọ́ kàn án."