Òtútù Ló Gbé Tábìlì Mi Síbẹ̀

Ìyá mi ọ̀wọ́n ní Adánkọlọ̀, Lọ́kọ́ja,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ooru, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Mánṣẹ́sítà níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ tí mo dọ̀bálẹ̀ sí tutù ju omi àmù lọ. Bọ̀ọ̀dá mi Ṣọlá, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka lẹ́tà fún Ìyá, okun o. Mo ní kí ìwé ìròyìn gbé èyí jáde kí àwọn ará àdúgbò tó gbààwẹ̀ nítorí mi lè gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí.

Lẹ́tà tí mo kọ nígbà òtútù èṣí kò dùn. Mo sọ fún yín pé bí iṣẹ́ ìwádìí mi kò bá yanjú kí Àjíǹde tó dé, ìjọba kò ní sanwó ilé-ìwé mi mọ́, n óò sì padà wálé láìgboyè. Ẹ fèsì pé kí n máa bọ̀ bẹ́ẹ̀, pé ọmọ ni ẹ bí, ẹ ò bí ìwé ẹ̀rí. Mo sunkún lórí èsì yẹn, mo sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ tún bi mí pé kí ni mo tiẹ̀ ń wò látàárọ̀ dalẹ́. Abọ́ pẹlẹbẹ kan ni, Ìyá. Mo ń po kẹ́míkà díẹ̀ mọ́ omi, á pọ́n bíi sóbò, mo sì ń fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Kò ní pẹ́ tí àmì búlúù tín-ín-tín máa yọ lójú rẹ̀, á fẹjú di òrùka, òrùka mìíràn á yọ nínú rẹ̀, wọ́n á máa tò tẹ̀lé ara wọn lọ sí etí abọ́, bí ìgbà tí òkúta bọ́ sódò, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò ju nǹkan kan síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi igi rò ó, òrùka tán: gbogbo abọ́ á di búlúù lẹ́ẹ̀kan, á tún pọ́n, á tún di búlúù, bí ẹni tó ń ṣẹ́jú. Bí omi bá ṣe rìn ni àwọ̀ ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo Ọya àti Bẹ́núé tí wọ́n ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó gbà láti dàpọ̀, kò yẹ kó yà yín lẹ́nu.

Ìṣòro mi ni pé òrùka tèmi kì í pé. Á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn náà á fà ya, á di jákujàku bí aṣọ tí ewúrẹ́ jẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà ní kí n lo kẹ́míkà tuntun. Pàbó ni. Ó ní bóyá ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Ó ń gbọ̀n lóòótọ́, òtútù ni.

Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rọ tó ń mú ilé iṣẹ́ wa gbóná bà jẹ́. Gbogbo ènìyàn sá lọ sílé. Èmi ò lẹ́ni tí mo ń sá lọ bá. Yàrá mi dá wáí, mo bá dúró sí ilé iṣẹ́. Mo wọ súwẹ́tà lé súwẹ́tà, mo fi aṣọ tí ẹ hun fún mi bora, mo da omi mi sábọ́. Ìyá, òrùka yọ. Wọ́n ṣe ribiti, ọ̀kan nínú èkejì, kò sí èyí tó já. Mo jó yí tábìlì ká lémi nìkan.

Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀rọ náà ṣe, òrùka tún fà ya. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ẹ̀gbẹ́ mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti gbé tábìlì mi ti ẹ̀rọ yẹn kí n lè máa yáná. Ooru ń wọ abọ́ láti ẹ̀gbẹ́ kan, omi ń yí lábẹ́lẹ̀ bí ẹ̀wà tó fẹ́ hó. Ooru ti ń bá mi rò ó látọjọ́ yìí láìfi igi kàn án.

Mo fi ìtìjú lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó bi mí pé ta ló ní kí n gbé tábìlì síbẹ̀. Mo ní, "Ọmọ Lọ́kọ́ja ni mí, sà. Òtútù ló gbé e síbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó wá ní, "Má gbé e kúrò. Lọ wọn bí ooru ṣe ń darí omi, àti bí omi ṣe ń darí òrùka. Iṣẹ́ rẹ nìyẹn."

Mo wọ̀n ọ́n. Èsì rẹ̀ tẹ ìjọba lọ́wọ́ kí Àjíǹde tó dé, wọ́n sì fún mi láyè láti parí rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo yege. Ọmọ yín ti di dókítà, irú èyí tí kì í gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Inú mi dùn débi pé mo kí oníbúrẹ́dì ní èdè wa láìmọ̀.

Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá, àwọn ará ìjọ, àti gbogbo ilé lápapọ̀. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí kí ẹ jèrè mi. Ẹ gbé àga mi síta, sínú oòrùn gan-an, mo ń bọ̀. Mo mọ̀ pé láràárọ̀ ni ẹ ń bẹ Ọlọ́run pé kó mú òtútù kúrò lára mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ̀, Ìyá, pé èyí nìkan ni kò gbà fún yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Jídé