Ìkúnlẹ̀ Àǹtí Ràṣídà níwájú kọ́ọ̀tù

Alẹ́ Àlàmísì

Ohun tí mo rí ní Mọ́níyà láàárọ̀ yìí nìyí: ọkọ̀ ẹlẹ́wọ̀n kan níwájú kọ́ọ̀tù, ọkùnrin mẹ́rin tí ṣẹkẹṣẹkẹ wà lọ́wọ́ wọn, àti Àǹtí Ràṣídà, ẹ̀gbọ́n mi, nínú aṣọ wọ́dà. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ni ẹnìkẹrin nínú àwọn ọkùnrin náà.

Mo mọ̀ pé wọ́n ti mú Bàbá Àgbà nítorí ìjà ààlà oko. N kò mọ̀ pé Àǹtí ni yóò mú wọn wọkọ̀.

Mo lọ bi Àǹtí léèrè iṣẹ́ tí èèyàn lè fi Kirimínọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn, ṣe ni, torí ọ̀la ni mo máa forúkọ sílẹ̀ fún yunifásítì. Nígbà tí Àǹtí gboyè nínú ẹ̀kọ́ yìí kan náà, Bàbá Àgbà ló ní, "Ta ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń tilẹ̀kùn mọ́ olè?"

Àǹtí kúnlẹ̀ sínú eruku níwájú Bàbá Àgbà. "Ẹ káàárọ̀, sà." Ọ̀gá Àǹtí ń wò.

"Dìde, Ràṣídà, kí ọ̀gá rẹ má bàa bínú." Bàbá Àgbà fúnra wọn ló na apá kí Àǹtí lè dì wọ́n mú wọkọ̀.



Lẹ́yìn náà Àǹtí ka àwọn iṣẹ́ náà fún mi: ọlọ́pàá, kọ́sítọ́ọ̀mù, akọ̀wé kọ́ọ̀tù, wọ́dà. Mo bèèrè èyí tí n kò ti ní bá ẹbí mi pàdé.

"Kò sí," ni wọ́n wí.

Bí kì í bá ṣe Àǹtí, ta ni ì bá kí Bàbá Àgbà níbẹ̀?

Pẹ́ńsù ni mo fi kọ kọ́ọ̀sì náà sínú fọ́ọ̀mù lánàá. Mo ti fi bírò kọ ọ́ lé e lórí báyìí.

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni mo dùbúlẹ̀.