Bọ́ọ̀lù Tó Kan Ilẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi Káfíńtà,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Mo kí ọmọ rẹ obìnrin tó gbà ọ́ sílé, mo sì kí orúnkún rẹ méjèèjì, nítorí àwọn gan-an ni mo ń gbàdúrà fún jù. Mo nírètí pé ìwé yìí bá ọ ní àlàáfíà, pé ò ń jẹun, ò ń sùn, o sì ń rí nǹkan ráhùn sí. Ní tèmi, ara le. Ìyàwó mi ní kí n sọ fún ọ pé àga tó o kàn fún wa kò tíì mì rárá.

Oṣù méje rèé tí mi ò kọ̀wé sí ọ. Ìtìjú ló fà á, màá sì dé orí rẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn bí sáà kíríkẹ́ẹ̀tì wa ṣe parí, torí mo mọ̀ pé àwọn tó ń pè ọ́ á ti bu iyọ̀ sí i.

Lọ́yà tó gba ipò balógun ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ ti sọ wá di ẹni yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ eré àṣekágbá, ó tò wá sí ìlà bí ọmọ iléèwé, ó ń sọ̀rọ̀ lórí iyì àti ìwà ọmọlúwàbí. Bó ṣe lọ ṣòkòtò funfun rẹ̀ tó, bí eṣinṣin bá bà lé e, á yọ̀ ṣubú ni. Ó fi ara rẹ̀ ṣe ẹni àkọ́kọ́ tó máa gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n jù ú sí i, igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti fọ́n káàkiri, ó ti jáde nìyẹn. Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó wo pátákó ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé òun ló dalẹ̀. Ó ní oòrùn ló wọ òun lójú. Káfíńtà, kùrukùru bo ojú ọ̀run láti àárọ̀!

Àwa tó kù la forí ṣe fọrùn ṣe tá a fi rí ọgọ́fà àmì. Nígbà tó kan àwọn alátakò wa, wọ́n gbá a títí ó fi ku àmì mẹ́ta péré kí wọ́n borí, ṣùgbọ́n ẹni tó kẹ́yìn wọn pátápátá ló kù. Bàbá oníbúrẹ́dì ni, ó ti ń lọ sí àádọ́rin ọdún, ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Bá a bá lé e jáde, a ti borí. Bá ò bá lé e jáde, a já sí lígì ìsàlẹ̀ nìyẹn.

Pósítù, apínlẹ́tà wa, ló ju bọ́ọ̀lù sí i. Bàbá fi pátákó kàn án, bọ́ọ̀lù gòkè, ó ń bọ̀ wálẹ̀ níwájú Lọ́yà. Lọ́yà sáré, ó dojú bolẹ̀, ó na ọwọ́. Ẹ̀yìn igi mẹ́ta yẹn tí mo máa ń dúró sí ni mo wà, mo sì rí i kedere pé bọ́ọ̀lù ta lẹ́ẹ̀kan lórí koríko kó tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìwọ náà mọ̀ pé tó bá ti kan ilẹ̀, ẹni tó gbá a kò jáde. Ṣùgbọ́n Lọ́yà fò dìde, ó ń ké pé, “Mo hán an! Mo hán an!” Gbogbo wọn sáré lọ dì mọ́ ọn.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló ń ṣe adájọ́. Ó ní Pósítù dí òun lójú. Ó bi Bàbá oníbúrẹ́dì. Bàbá fèsì pé, “Èmi ò rí i. Ṣùgbọ́n bí balógun wọn bá ní òun hán an, mo gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́.” Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ń lọ. Ọkàn mi gbọgbẹ́. Tíṣà wá kọjú sí mi: “Púlọ́mbà, ìwọ lojú rẹ wà níbẹ̀. Ṣé ó hán an?”

Lọ́yà rẹ́rìn-ín sí mi. Irú ẹ̀rín kan náà ló rín lọ́jọ́ tó ní kí ẹni tó bá fẹ́ kó o fi ipò balógun sílẹ̀ lọ sinmi nawọ́ sókè. Mo sọ fún ọ nígbà yẹn pé mi ò nawọ́. Irọ́ ni mo pa, Káfíńtà. Mo nà án, mo nà án gan-an, torí pé ó ń wo ojú mi.

Mo ní, “Ó kan ilẹ̀, Tíṣà. Ẹ pe Bàbá padà.”

Lọ́yà bi mí bí ẹni ń bi ẹlẹ́rìí ní kóòtù pé, “Ṣé ó dá ọ lójú? Ronú dáadáa.” Mo ní mo ti ronú. Bàbá padà wá. Nígbà tí wọ́n tún jù ú sí i, ó di ojú méjèèjì, ó fi gbogbo agbára gbá a. Bọ́ọ̀lù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lọ́yà tó ṣì ń wú bí búrẹ́dì, ó yí títí ó fi kọjá ààlà pápá. Àmì mẹ́rin! Ó tán. Bàbá wá dì mọ́ mi, ó ní, “Má bínú, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé ó máa lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀.”

Nínú yàrá tá a ti ń pààrọ̀ aṣọ, Lọ́yà ní mo ti dalẹ̀ ẹgbẹ́, kí n kúnlẹ̀ bẹ gbogbo wọn. Mo wo ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa. Gbogbo wọn tẹrí ba, wọ́n ń tú okùn bàtà. O ò rí i bí okùn bàtà ṣe di iṣẹ́ ńlá lójijì! Mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mo jáde. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé mi.

Lọ́jọ́ kejì, abẹ́ síǹkì oníbàárà kan ni mo wà tí Pósítù fi pè mí. Ó rọra ń sọ ọ́ pé, “Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n, mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé mo pè yín.” Kí n tó de páìpù yẹn tán, mẹ́rin nínú wọn ti pè, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ. Mo sọ fún ẹni kẹrin pé kó pa fóònù, pé àwọn olóòótọ́ abẹ́lẹ̀ ti pọ̀ jù lórí fóònù mi. Nígbà tó di Ọjọ́rú, wọ́n tún fi Lọ́yà ṣe balógun. Mo gbọ́ pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pàtẹ́wọ́ jù. Ẹni ẹ̀tẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n mi ò lè yọ ara mi kúrò nínú wọn, torí ọwọ́ tèmi náà ti gòkè rí. Dárí jì mí. Bí kò bá tíì rọrùn fún ọ, bú mi nínú lẹ́tà, màá kà á tán.

Kí Ọlọ́run bá mi tọ́jú rẹ. Kí ẹsẹ̀ rẹ máa gbé ọ dé ibi ire, kí àwọn ọmọ rẹ má sì fi ojú ẹrù wò ọ́ láé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Púlọ́mbà

Mo tún rántí: Wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ ara ilẹ̀kùn ẹgbẹ́. Wọ́n ń wá ẹni tó máa dúró lẹ́yìn igi ní sáà tó ń bọ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé kí ojú onítọ̀hún ríran dáadáa.