Kọ́kọ́rọ́ Géètì Àtẹ̀gùn

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta
Oṣù keje rèé tí àtẹ̀gùn ilé ìsìn wa yẹ̀ mọ́ Màmá lẹ́sẹ̀, tí egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Ogún ọdún ló fi ń gbá ibẹ̀. Àwọn ìjọ ní àmúwá Ọlọ́run ni. A gbé wọn lọ sí kóòtù. Lónìí, agbẹjọ́rò wọn — Bàtà-Dídán ni mo sọ ọ́ — ní kóòtù yìí ò láṣẹ láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Olú ìjọ ló ni ilé, olú ìjọ ló ń darí ẹ̀, ká lọ pẹjọ́ nílùú tí olú ìjọ wà. Ìrìn ọjọ́ méjì. Màmá ò lè jókòó sínú mọ́tò fún wákàtí kan. Bí adájọ́ bá gbà fún un, ọ̀rọ̀ wa parí nìyẹn.

Ọjọ́rú, 6
Àǹtí mi ní ká jáwọ́, a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Màmá ń tú àpò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Màmá ní kí n sin òun lọ sí ìsìn. Géètì ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ṣì wà ní títì bí Màmá ṣe ní kí wọ́n tì í lọ́jọ́ tó ṣubú, ẹnikẹ́ni ò gòkè mọ́. Màmá ń kọrin. Èmi ò lè kọrin.

Ọjọ́bọ̀, 14
Orí mi ṣì ń wú. Pásítọ̀ — Ohùn-Agogo — búra pé àwọn tó wà níbí ò láṣẹ kankan lórí ilé náà, ìṣó kan àwọn ò gbọdọ̀ kàn. Nígbà tó kan Màmá, ó fọ̀pá dìde. Adájọ́ ní kó jókòó sọ̀rọ̀. Ó ní rárá, ẹ ṣeun. Ó fi kọ́kọ́rọ́ géètì, tó ti wà lápò aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, síwájú adájọ́. Páálí kékeré so mọ́ ọn: “Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gòkè láìgbàṣẹ lọ́wọ́ mi.” Orúkọ Pásítọ̀ ló wà lábẹ́ ẹ̀.
Adájọ́ bi Pásítọ̀ léèrè ta ló kọ ọ́. Ó ní òun ni.
Bàtà-Dídán ń ṣí ìwé tí kò kà. Ìyá mi, tó ń bẹ̀rù àtigbé fóònù!

Ọjọ́ Ẹtì, 15
Kóòtù láṣẹ: ìjọ ibí ló ń darí àtẹ̀gùn. Ibí ni wọ́n á ti gbọ́ ọ. Mo sunkún. Kọ́kọ́rọ́ ti di ẹ̀rí, ọwọ́ kóòtù ló máa wà.

Ọjọ́ Àìkú, 17
Ohùn-Agogo kan ilẹ̀kùn wa láàárọ̀. Àwọn àgbà ti dé láti olú ìjọ, wọ́n fẹ́ gòkè lọ wo àtẹ̀gùn, géètì ò ṣí. Ó ń bèèrè, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bóyá Màmá ní kọ́kọ́rọ́ mìíràn. Mo ti la ẹnu láti bú u. Màmá ti na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.
Ó fi lé e lọ́wọ́. “Ẹ rọra o, Pásítọ̀. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má tẹ àtẹ̀gùn kẹta. Lójú, ó dúró dáadáa.”
Pásítọ̀ pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.
Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé mo mọ ẹni tó bí mi.