Obìnrin Inú Fóònù Kò Jẹ Orí Ẹja

Abà Àyàndìran,
Lẹ́yìn Moniya.

Olúkẹ́mi ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Bódìjà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa? Olúwa tó sìn ọ́ dé ibẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Ara ìyá rẹ le, ewúrẹ́ rẹ̀ sì bí ìbejì.

Ọ̀rọ̀ Tiwaladé, àbúrò rẹ tó ń bá ọ gbé, ló rú mi lójú. Nígbà tí o fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa lópin ọ̀sẹ̀, o so fóònù ńlá kan mọ́ ọn lọ́rùn, o ní nítorí pé kì í fẹnu sọ̀rọ̀, bó bá ti tẹ àwòrán, fóònù á bá a sọ ọ́. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n kò yé mi. Ohùn obìnrin ló jáde, ó kí mi káàárọ̀, mo dá a lóhùn, mo béèrè ọkọ àti ọmọ, kò fèsì. Síbẹ̀ mo ní kí ìyá rẹ bu oúnjẹ tirẹ̀ sọ́tọ̀, àlejò ni.

Oúnjẹ délẹ̀, mo gbé orí ẹja fún Tiwaladé. Èmi baálé ni orí ẹja tọ́ sí nílé wa, ṣùgbọ́n ogún ọdún rèé tí mo ti ń fi tèmi sílẹ̀ fún un, nítorí bó bá ti rí i báyìí, á máa fi imú kọ orin kékeré kan, a sì mọ̀ pé ó ń dúpẹ́ ni. Obìnrin yìí bá ní òun kò fẹ́ orí ẹja. Inú bí mi. Ta ló fi lọ̀ ọ́? Mo bọ́ fóònù náà lọ́rùn ọmọ, mo fi aṣọ wé e, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Tiwaladé kò bínú. Ó gbé dùùrù kékeré rẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ ọ lórin ní Bódìjà, ó sì tẹ orin yẹn gan-an, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń ti abọ́ sẹ́yìn. Ìyá rẹ ní kí n yáa gbé obìnrin náà sọ̀kalẹ̀. Mo gbé e sọ̀kalẹ̀. Tiwaladé tẹ àwòrán, obìnrin ní òun kò fẹ́, Tiwaladé tẹ dùùrù. Obìnrin tún ní òun kò fẹ́, Tiwaladé tún tẹ dùùrù.

Olúkẹ́mi, ṣé ohun tí orin yẹn ti ń sọ láti kékeré rẹ̀ nìyẹn? A ṣe bí ọpẹ́ ni! Ojú tì mí, mo sunkún níwájú ọmọ.

Èyí tí kò tíì yé mi ni bí obìnrin ará Bódìjà ṣe mọ inú ọmọ mi jù mí lọ. Bá mi kí i, kó má bínú ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn. Bi Tiwaladé ní ohun tó fẹ́ jẹ gan-an, kí o fi owó rẹ̀ ránṣẹ́, ká rà á sílẹ̀ kó tó tún wá.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o bí ọmọ tí o kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀. Àṣẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akínsànyà.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: èmi ni mo jẹ orí ẹja ọjọ́ náà. Ó ṣì dùn.